Onígbá Kì Í Ṣe Onígbáméjì

Ọdún tí onígbáméjì wọ Òkè-Ògùn, ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, mọ́tò sì ń gba apá òsì títì. Nọ́ọ̀sì tuntun ni mí nígbà náà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, láàárín àwọn ahunṣọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí ni wọ́n rán mi lọ nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ara mi yá gágá. Mo lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà kí ẹlòmíràn tó tẹ́ mẹ́ta, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n pẹ̀lú mi. Nọ́ọ̀sì Kíákíá ni wọ́n ń pè mí. Èmi rò pé wọ́n fi ń kì mí ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn kan ń fi bú mi.

Ẹni tí kò bá mọ onígbáméjì, kí n tètè ṣàlàyé. Àrùn tí í jẹ́ kí ènìyàn máa bì kó sì máa ya ìgbẹ́ olómi ni, títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Àwọn àgbà ní igbá méjì ló ń gbé kiri, ọ̀kan fún èébì, èkejì fún ìgbẹ́, ohun tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó ti jà káàkiri ayé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Nígbà tó wá dé, kò sẹ́ni tó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ tán lẹ́nu. "Onígbá" ni wọ́n ń pè é mọ, bí ẹni pé tí wọn ò bá ti fi "méjì" kún un, kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. "Onígbá ti wọ àdúgbò yẹn o." "Onígbá ló mú ìyá oníṣu lọ." Àwa tí a wà ní ilé ìwòsàn náà bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ló kù díẹ̀ kó sọ mí di apààyàn.

Dókítà kan ṣoṣo la ní. Kí àrùn yìí tó dé, à ń gbẹ̀bí, à ń di egungun, à ń tọ́jú ikọ́, à ń yọ ọta. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ dúró. Wọ́n ti géètì ńlá, kékeré nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀. Wọ́n kọ́ àtíbàbà gígùn kan sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, òpó igi àti páànù lásán, ṣẹ́ẹ̀dì la ń pè é. Wọ́n dá ihò sí àárín bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀, wọ́n sì gbé korobá sábẹ́ ihò náà. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ni wọ́n fún ní àṣẹ: ẹni tó bá ń bì tàbí tó ń ya ìgbẹ́, kó máa lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì, ẹni tí nǹkan mìíràn bá ṣe, kó máa padà lọ sílé. Mo rí ọkùnrin kan tí apá rẹ̀ kán tó padà sílé, ó di apá mú bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Ẹ má bínú sí bàbá géètì, òun kọ́ ló ṣe òfin. Ọwọ́ wa ni kò tó.

Òfin kejì tún wà: ẹni tó bá ti wọ ṣẹ́ẹ̀dì kò gbọdọ̀ wọ wọ́ọ̀dù mọ́ títí yóò fi lọ sílé tàbí sí ibi tí gbogbo wa ń lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú páànù ṣẹ́ẹ̀dì gbóná, mọ́tò akóṣu kan dé láti Ogbooro. Awakọ̀ yọ orí síta, ó figbe ta.

"Ẹ ṣí ibẹ̀ fún wa o! Bàbá Onígbá la gbé wá!"

Bàbá géètì kò bi í ní ìbéèrè kankan mọ́. Ó ti gbọ́ "onígbá," ó ṣí géètì ńlá, ó fi ọ̀pá rẹ̀ nàka sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó sì kúrò lọ́nà kíá.

Àárín iṣu ni wọ́n tẹ́ bàbá náà sí. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, èébì wà láyà bùbá rẹ̀, ó sì ti tọ̀ sára. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin kékeré kan tó fi gèlè gbàdí. Mo ti mú káàdì àti bírò lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbé bàbá sọ̀ kalẹ̀.

"Ìyá, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ní ìdájí ni, wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá."

"Ṣé wọ́n bì?"

"Wọ́n bì, lẹ́ẹ̀kan."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Bàbá Onígbá."

"Mo ti mọ̀ pé onígbá ni, mà. Orúkọ wọn ni mo ní kí ẹ sọ."

"Ohun tí wọ́n ń jẹ́ náà nìyẹn, Nọ́ọ̀sì."

Mo pòṣé. Ènìyàn mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, èmi kò ní àsìkò ìyá tí kò mọ orúkọ ọkọ rẹ̀. Mo kọ "Onígbá" sí ibi tí a ń kọ orúkọ, mo tún kọ "Onígbá" sí ibi tí a ń kọ àrùn. Mo fa omi sí i lára. Apá ọ̀tún ni mo gún lábẹ́rẹ́, kò sì mira rárá. Àwọn géńdé tí mo ń gún ní ṣẹ́ẹ̀dì yẹn máa ń ké bí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n bàbá yìí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Mo yìn ín. Mo ní, "Ọkùnrin ni bàbá yìí o!" Mo gbé ife ẹ̀kọ oníyọ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, mo sì kọjá lọ. Títí di òní olónìí, bí mo bá rántí ìyìn yẹn, ojú ń tì mí.

Ìyá kan wà tó ń da korobá nù ní ṣẹ́ẹ̀dì. Kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ojú rẹ̀ ń fò. Bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó pè mí.

"Nọ́ọ̀sì Kíákíá, wá wo ẹni yìí. Látàárọ̀, kò tíì fún mi níṣẹ́ kankan."

Mo bojú wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Korobá gbogbo àwọn yòókù ń kún, ti bàbá yìí gbẹ táútáú. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo sọ, èmi onímọ̀: mo ní omi ara rẹ̀ ló ti tán pátápátá. Mo na ọwọ́ kí n jẹ́ kí omi tí mo fà sí i lára tún máa sáré sí i. Ìyá náà di ọwọ́ mi mú.

"Wo ẹnu wọn ná."

Mo wò ó. Ẹ̀kọ ń ṣàn jáde ní igun ẹnu rẹ̀ lápá ọ̀tún, kò gbé e mì. Ọ̀fun rẹ̀ ń dún hùrùhùrù. Ìyàwó rẹ̀ sì tún ti gbé ife sókè láti fún un sí i, nítorí pé èmi ni mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé apá ọ̀tún bàbá sókè, mo fi í sílẹ̀, ó já lulẹ̀ gbì. Mo gbé ti òsì, ó dúró díẹ̀ kó tó rọra wálẹ̀. Èyí kì í ṣe onígbáméjì. Àrùn ẹ̀gbà ni, èyí tí a ń pè ní rọpárọsẹ̀, ó sì mú un lápá ọ̀tún látòkè délẹ̀. Omi tí mò ń rọ́ sí i lára lè ti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sókè, ẹ̀kọ tí mo ní kí wọ́n máa fún un lè gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Apá tí mo yìn pé kò mira, apá tó ti kú ni.

Mo ti omi náà pa. Mo yí bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀ mọ́.

"Ìyá, iṣẹ́ wo ni bàbá ń ṣe?"

"Igbá ni wọ́n ń fín." Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tètè gbọ́ràn. "Bí mo ṣe ń sọ ọ́ látàárọ̀ nìyẹn. Bàbá Onígbá."

Ìyá olókorobá fọwọ́ bo ẹnu.

Ìyàwó bàbá wá ṣàlàyé. Bàbá gbé búta láti ṣe àlùwàlá, búta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà tẹ̀lé e. Nígbà tó bì, ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú agboolé kígbe pé, "Onígbá o!" Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú agboolé yẹn, tí wọ́n á ní ẹ kí Bàbá Onígbá, ẹ gbé oúnjẹ fún Bàbá Onígbá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló lé gbogbo wọn jáde. Awakọ̀ akóṣu nìkan ló ṣàánú wọn. Etí tó gbọ́ àlọ ní í gbọ́ àbọ̀, ṣùgbọ́n àlọ nìkan ni etí gbogbo wa ń gbọ́ lọ́dún yẹn.

Mo sáré lọ sí wọ́ọ̀dù ọkùnrin. Sísítà tó ni wọ́ọ̀dù náà dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó na apá méjèèjì dí i.

"Ṣẹ́ẹ̀dì lo ti ń bọ̀."

"Sísítà, àṣìṣe ni. Kì í ṣe onígbá. Ẹ̀gbà ló mú un. Èmi ni mo ṣì í mú."

"Ó ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ṣẹ́ẹ̀dì. Ṣé àrùn mọ àṣìṣe ni?"

Mo bá a jà. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọdé sọ sí àgbà. Ó dúró síbẹ̀, kò yẹ̀. Aláìsàn mẹ́sàn-án tó kù lẹ́yìn rẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù náà, àwọn tí kò ṣeé lé lọ sílé ni, onígbáméjì kan ṣoṣo ló sì tó láti kó gbogbo wọn. Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lónìí, mo mọ̀ pé ó jàre.

Dókítà dé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Kò bú mi. Ó wo ojú bàbá, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀. Ìbàdàn jìnnà, kò sì sí awakọ̀ tó fẹ́ gbé ẹni tó bá ti ọgbà wa jáde lásìkò yẹn. Ó ní kí a máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, kí ohunkóhun má wọ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi lè gbé e mì. Ó ní bó bá la ọjọ́ mẹ́ta já, a lè máa retí. Ibo la máa wá tẹ́ ẹ sí? Ìyá olókorobá ló rántí yàrá aránṣọ. Aránṣọ ilé ìwòsàn ti sá lọ sí oko láti ìgbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀, ó ku ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ àti fèrèsé kan tó dojú kọ igi ẹ̀mí, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. A wẹ bàbá látorí délẹ̀ pẹ̀lú oògùn apakòkòrò, a wẹ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú, ó ń ráhùn pé òun wẹ̀ kí òun tó kúrò nílé. A sun aṣọ wọn, a sì wá aṣọ àti gèlè mìíràn fún wọn. A tẹ́ ẹní sábẹ́ fèrèsé.

Dókítà wá ní, "Ẹ pè wọ́n lórúkọ, ká mọ̀ bóyá wọ́n ń gbọ́."

Ìyá fọwọ́ kan èjìká ọkọ rẹ̀. "Bàbá Onígbá. Bàbá Onígbá, ẹ dáhùn."

Bàbá kò mira.

"Kì í ṣe ìyẹn, mà," ni mo wí. "Orúkọ àbísọ wọn."

"Háà! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin mí wá sílé wọn, mi ò pè é rí. Ìyá wọn wà láyé, mi ò pè é. Ìyá wọn kú, mi ò pè é."

Ọ̀rọ̀ onígbá ti sú mi lọ́jọ́ náà, ara sì ń ta mí nítorí àṣìṣe mi. Mo ní, "Ìyá, ṣé orúkọ lẹ fẹ́ gbé padà lọ sí Ogbooro ni àbí ọkọ?"

Dókítà yí ojú wò mí. Ìyá náà wò mí. Ó wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ìyá ọkọ rẹ̀ lè dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹnu súnmọ́ etí òsì ọkọ rẹ̀, ó sì pè é. Orúkọ náà kúrú. Ó rọra jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú aṣọ.

Bàbá fa ojú ro. Kì í ṣe ti ìrora. Ojú tí ọkọ ń fà ro nígbà tí ìyàwó bá rí i fín ni. Ojú rẹ̀ kan là, ó sì fi wo obìnrin náà tààrà.

Ìyá fà sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́. Nọ́ọ̀sì yìí ló ní kí n pè é!"

Ìyá olókorobá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ẹ̀rọ ìránṣọ mú. Èmi rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti rẹ́rìn-ín nínú ọgbà yẹn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lọ.

Ó la ọjọ́ mẹ́ta já. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó gbé omi mì. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti wẹ̀ tí mo pààrọ̀ aṣọ, yàrá aránṣọ ni mò ń lọ, èmi àti ìyá a jọ máa yí i padà. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un, pé èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi omi àti ẹ̀kọ pa ọkọ rẹ̀. Mo rò pé yóò bú mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó bú mi.

Ó ní, "Ìwọ nìkan kọ́ lo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Gbogbo ilé wa ló sá." Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá sókè. "Di ibí yìí mú."

Ìgbà náà ni Dókítà yí òfin géètì padà. Ó ní kí bàbá géètì máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé pé kó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ká lè tètè dá ẹni tí ẹ̀gbà mú mọ̀. Bàbá géètì ń ṣe é, àwọn ènìyàn rò pé àdúrà ni. Wọ́n á na àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á ní "Àmín," wọ́n á tún fi pa ojú. Bàbá géètì sì fi ìbéèrè tirẹ̀ kún un, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ: "Iṣẹ́ wo ni aláìsàn ń ṣe?"

Ọwọ́ ọ̀tún bàbá kò padà bọ̀ sípò. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìfi bò. Ọwọ́ tó fi ń fín igbá ni, tí àwọn ìyàwó tuntun ń tìtorí rẹ̀ wá láti Ṣakí títí dé Ìgbòho. Ìyá rán awakọ̀ akóṣu, ó bá wọn gbé igbá mẹ́ta àti ọ̀bẹ wá láti ilé. Ó fi ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́ òsì. Ilà àkọ́kọ́ rí bí ibi tí adìyẹ fẹsẹ̀ ha. Bàbá ju igbá náà sílẹ̀, ó fọ́, ó sì sunkún, ojú kan ń sunkún ju èkejì lọ. Ìyá kò bẹ̀ ẹ́, kò sì tù ú nínú. Ó ṣa èéfọ́ igbá, ó sì gbé òmíràn lé e lẹ́sẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ni èmi Kíákíá ti kọ́ ọ.

Nígbà tí ṣẹ́ẹ̀dì tú, tí a ti sun ẹní tó kẹ́yìn, wọ́n ti lè lọ sílé. Bàbá ń fi ọ̀pá rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Ó ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la. Mo mú káàdì rẹ̀, ojú ń tì mí nítorí "Onígbá" méjì tó wà lára rẹ̀. Mo pa ti àrùn rẹ́, mo kọ ohun tó yẹ. Mo bi ìyá bóyá kí n kọ orúkọ gidi sí òkè, nítorí mo gbọ́ ọ nígbà tó pè é.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe ti káàdì."

Nítorí náà mi ò ní kọ ọ́ síbí náà.

Nígbà ọyẹ́ ni mo bá awakọ̀ akóṣu lọ sí Ogbooro láti kí wọn. Mo bá bàbá lójúde, ó fi orúnkún méjèèjì há igbá kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ lára rẹ̀. Igbá náà wà lọ́dọ̀ mi dòní, òun ni mo fi ń bo oúnjẹ. Ilà kan wọ́ nínú rẹ̀, ilà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn tó sá lọ́jọ́sí ti padà dé, agboolé kún, ẹnìkan ń gún iyán.

Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó nahùn pè é. "Bàbá Onígbá, Nọ́ọ̀sì dé o!"

Bàbá kò wẹ̀yìn. Ìyá tún pè é, bàbá kò dáhùn. Mo rò pé àìsàn náà ti tún dé, pé ó ti mú etí. Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ máa sáré lọ bá a. Ìyá di ọwọ́ mi mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Etí wọn ò dí. Bí a ti ń bá a yí látìgbà tí a ti dé nìyí. Gbogbo ayé ló lè pè wọ́n ní Bàbá Onígbá, wọ́n á jẹ́. Tó bá ti lẹ́nu tèmi jáde, wọn ò ní dáhùn."

Ó wo àwọn ará ilé yíká, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí òsì rẹ̀, ó sì pè é.

Bàbá yíjú, ìdajì ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

"Mo wà ńbí," ló wí.